Kòkòrò Aládùúrà Nínú Ike: Bí A Ṣe Lè Sìn Ín ní Ìlá

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ Scientific Reports, iṣẹ́ náà sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rìn-ín. Wọ́n gé ike tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ewé, wọ́n fi ìda oyin lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ojú kòkòrò kan bí awò ojú, wọ́n wá gbé kòkòrò náà kọjú sí kọ̀ǹpútà tí àwòrán ohun ọdẹ kékeré ń rìn lójú rẹ̀. Nígbà tí àwòrán yẹn rí pẹrẹsẹ, kòkòrò náà ò dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n ṣe é kó dà bí ẹni pé ó yọ síta, tó sún mọ́ ibi tí ọwọ́ lè tó, kíá ló na ọwọ́ láti gbá a mú. Báyìí ni Vivek Nityananda, Jenny Read àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe fi hàn pé ojú méjèèjì kòkòrò náà ló pawọ́ pọ̀ tó fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí òun tó. Kòkòrò aládùúrà ni. Ẹ̀yà tí wọ́n lò, Sphodromantis lineola, ilẹ̀ adúláwọ̀ ni ilé rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé Ìlá Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀rà ti rí irú rẹ̀ rí, ì báà má bìkítà. Òun ni kòkòrò gígùn, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ igi gbígbẹ, tó máa ń dúró lórí ewúro, tó ká ọwọ́ iwájú méjèèjì mọ́ àyà, tó sì ń yí orí onígun mẹ́ta rẹ̀ wo èèyàn bó ti ń kọjá lọ. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò ló ń yí ọrùn wo ẹni. Ìyẹn gan-an ló ń ba àwọn ọmọdé lẹ́rù. Lálẹ́, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, akọ rẹ̀ máa ń fò wá sídìí iná, a ó sì fi ìgbálẹ̀ gbá a síta pẹ̀lú èsúnsún. Ní Jámánì àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ni wọ́n fi ń ra ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ju ẹ̀fọn lọ. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di pé àwọn ará Yúróòpù ń kó kòkòrò wa lọ. Ará Faransé kan, Palisot de Beauvois, wá sí ilẹ̀ Warri àti Benin ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó ń kó ewéko àti kòkòrò jọ, láti ọdún 1805 ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé lórí wọn. Òun ló kọ́kọ́ júwe ẹ̀yà aládùúrà kan tó rí bí òdòdó, tí àmì róbótó bí ojú wà lórí ìyẹ́ rẹ̀, Pseudocreobotra ocellata. Lónìí, ó wà lára àwọn tí àwọn olùsìn kòkòrò lókè òkun ń du.

Èrò mi ni pé sísin kòkòrò yìí ní Ìlá rọrùn ju sísìn ín ní London lọ, àmọ́ ẹni tó bá rò pé kòkòrò náà ni òun ń sìn kò tíì mọ iṣẹ́ náà. Eṣinṣin ni ó ń sìn. Ẹni tó bá lè pèsè eṣinṣin láìdáwọ́ dúró ti ṣe èyí tó le jù níbẹ̀. Èyí tó kù, sùúrù ni. Ní London, iná mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n fi ń mú inú àpótí móoru dé dígírì 25 sí 30. Níbí, oòrùn ń bá wa ṣe ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà láti bẹ̀rẹ̀. Èkíní, kí ẹ mú abo tó ti dàgbà, tó ti níyẹ̀ẹ́, tí ikùn rẹ̀ sì wú. Èyí tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ nínú igbó, akọ sábà máa ń ti gùn ún, ẹ ò ní wá ọkọ fún un mọ́. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ síwájú rẹ̀ kó gùn ún fúnra rẹ̀. Kò lóró rárá, bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ̀gún ọwọ́ rẹ̀ ń dunni. Èkejì ni kí ẹ wá àpò ẹyin. Bí abo bá fẹ́ yé, á dorí kodò lára ẹ̀ka tàbí ògiri, á máa tú ìhó jáde ní ìdí, á sì máa to ẹyin sínú ìhó náà lẹ́sẹẹsẹ. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìhó á gan, á di àpò fífúyẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó tó orí àtàǹpàkò. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó mú un lọ sílé. Bí ihò kéékèèké róbótó bá wà káàkiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, agbọ́n tíntínní kan, Podagrion, ti débẹ̀ ṣáájú yín: inú àpò kòkòrò aládùúrà ló ń yé tirẹ̀ sí, àwọn ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹyin tó wà níbẹ̀, wọ́n á sì lu ihò jáde. Àpò tó bá dán ní ẹ̀gbẹ́, ẹ gé e pẹ̀lú ẹ̀ka tó so mọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ há a.

Ilé rẹ̀ kò gba owó. Ike súùtì ńlá tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwọn onísọ́ọ̀bù máa ń dà nù bí súùtì inú rẹ̀ bá tán, ti tó. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni gíga: ike náà gbọ́dọ̀ ga tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn kòkòrò náà, kó sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ẹ gé àárín ìdérí rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi àwọ̀n bò ó, torí òkè ni kòkòrò yìí fẹ́ràn láti so rọ̀ sí, bó bá sì ti wúwo tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í di ike dídán mú dáadáa. Ẹ ki ẹ̀ka gbígbẹ kan tàbí méjì bọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ tíṣù sí ìsàlẹ̀, ó parí.

Àwọ̀n yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí ìjọba ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, oògùn apakòkòrò ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, oògùn tó ń pa ẹ̀fọn kò sì mọ kòkòrò aládùúrà yàtọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ni kí ẹ lò, tàbí aṣọ léèsì àtijọ́. Yàrá tí wọ́n ti ń fọ́n ọ̀tápiapíá tàbí tí wọ́n ti ń jó kọ́ìlì ẹ̀fọn, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò níbẹ̀. Eṣinṣin tí ẹ bá mú nílé aládùúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n oògùn, ẹ dà á nù. Lẹ́yìn oògùn, èèrà ló kù. Ẹ ki ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábìlì tí ike wà lórí rẹ̀ sínú agolo omi, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe fún kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ. Bó bá jẹ́ ìjàlọ ló ya wọlé lóru, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé agolo. Ẹ gbé gbogbo ike sá.

Ó wá ku oúnjẹ. Kòkòrò aládùúrà kì í jẹ ewé, kì í sì í jẹ ohun tó ti kú bí kò bá rí i kó mira. Ohun tó bá ń rìn níwájú rẹ̀ lojú rẹ̀ ń bá lọ. Ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kéré débi pé eṣinṣin ilé lè gbé e ṣubú. Kantíkantí ló bá a mu, ibí yìí sì ni ará Ìlá ti ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹmu Ìlá kì í ṣe ohun tí à ń ròyìn fún ẹni tó ti gba ìlú náà kọjá, ibi tí ẹmu bá sì wà, kantíkantí ò ní jìnnà. Ìwúkàrà tó ń mú ẹmu kan ló ń fi òórùn pè é, ìwúkàrà náà sì ni ìdin rẹ̀ ń jẹ. Kódà, Drosophila melanogaster, kantíkantí tí àwọn yàrá ìwádìí kárí ayé fi ń kọ́ nípa àjogúnbá, ilẹ̀ adúláwọ̀ ló ti ṣẹ̀ wá kó tó bá èèyàn rìn káàkiri àgbáyé.

Ẹ lọ bá ẹlẹ́mu, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí kèrègbè fún yín. Ẹ gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù, ẹ pò ó mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, ẹ fi gààrí díẹ̀ mú un ki, kí ẹ dà á sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ títí yóò fi ga tó ìka mẹ́ta ní ìsàlẹ̀. Ẹ rún pépà, ẹ ki í bọ̀ ọ́, kí ìdin lè rí ohun gùn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ para dà. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan ní ẹnu ṣíṣí. Kantíkantí ò nílò ìwé ìpè. Wọ́n á bọ́ sí i, wọ́n á yé, ẹ ó sì fi aṣọ dé e. Nínú ooru wa, àwọn tuntun á jáde lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa po ìgò mìíràn. Ìgò kan ṣoṣo ló ń fi ebi pa ọ̀pọ̀ ọmọ kòkòrò: ó kún fọ́fọ́ lónìí, nígbà tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti bu. Kí ìgò méjì ti máa ṣiṣẹ́ kí àpò ẹyin tó pa.

Lókè òkun, wọ́n ń ta kantíkantí tí ìyẹ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, kó má baà fò lọ. Tiwa ń fò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà fún un. Òkè ló máa ń sá lọ, ibi ìmọ́lẹ̀ ló sì máa ń kọjú sí. Ẹ fi aṣọ dúdú wé ìgò, ẹ lu ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n já bọ́, ẹ ṣí i, kí ẹ da ẹnu ike kòkòrò dé e lórí. Fúnra wọn ni wọ́n á gòkè wá. Ẹni tó ní fìríìjì, tí iná sì wà lọ́jọ́ náà, lè kọ́kọ́ gbé ìgò sínú òtútù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n rọlẹ̀.

Bí ọmọ bá ti bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti tó eṣinṣin ilé í mú. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìrẹ̀, labalábá àti àáyán kékeré. Tata onílà ofeefee àti dúdú tó máa ń bo ewé gbágùúdá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Zonocerus, èmi ò ní fún wọn: ó máa ń kó oró jọ sára láti inú òdòdó ewé Akíntọ́lá. Ohun ọdẹ tó bá sì gùn ju ìdajì ara kòkòrò náà lọ, ẹ fi sílẹ̀.

Àpò ẹyin tó wà níbi tó móoru sábà máa ń pa láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Àárọ̀ ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ọmọ á so rọ̀ wálẹ̀ láti ara àpò lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á bọ́ awọ àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, ara wọn á le, wọ́n á sì fọ́nká. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn kì í wá oúnjẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí kantíkantí ò bá tó, ara wọn ni wọ́n á máa jẹ. Àwọn olùsìn kan mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ kí iye wọn lè dín kù. Mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Nínú igbó pàápàá, ìwọ̀nba ló ń ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú ní ike tirẹ̀. Ẹ má gbé abọ́ omi sílẹ̀ fún wọn, inú rẹ̀ ni wọ́n á kú sí. Ike ìfọ́nmi tí àwọn onídìrí ń lò ni kí ẹ fi fọ́n omi sí ẹ̀gbẹ́ ike lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ̀kán rẹ̀ ni wọ́n ń mu. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ dín in kù kí ike má baà bu. Nígbà ọyẹ́, ẹ sọ ọ́ di àárọ̀ àti alẹ́.

Bíbọ́ awọ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù kòkòrò tí wọ́n ti fi oṣù gbáko bọ́. Awọ rẹ̀ kì í fẹ̀ sí i. Bí ara inú bá ti ju tòde lọ, ó di dandan kó bọ́ ọ, ó sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kó tó dàgbà. Bó bá kù díẹ̀, á kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ara rẹ̀ á ṣe bàìbàì; bó bá jẹ́ bíbọ́ tó kẹ́yìn, àpò ìyẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á wú. Lẹ́yìn náà á dorí kodò lára àwọ̀n, awọ á là ní ẹ̀yìn, á sì máa yọ ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń bá a fà á. Títí ẹsẹ̀ tuntun yóò fi le, kò ní ohun tó gbé e dúró ju awọ tó ń bọ́ sílẹ̀ yẹn lọ. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ gíga ike nìyí: bí orí rẹ̀ bá kan ilẹ̀ kó tó jáde tán, tàbí bó bá já bọ́, wíwọ́ ni ẹsẹ̀ àti ọrùn á gan sí. Ọmọ tó pàdánù ẹsẹ̀ kan lè tún un hù ní bíbọ́ tó tẹ̀ lé e. Àgbà kì í bọ́ awọ mọ́, ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹ kó gbogbo oúnjẹ kúrò nínú ike. Ìrẹ̀ tí ẹ bá gbàgbé síbẹ̀ lè jẹ olúwa rẹ̀ láàyè, torí kò lè jà. Ẹ fọ́n omi díẹ̀ ṣáájú, pàápàá nígbà ọyẹ́, nítorí awọ tó bá gbẹ máa ń há mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ má gbé ike nílẹ̀, ẹ má ṣí i fi han àlejò. Ó di ọjọ́ kejì tó bọ́ awọ tán kí ẹ tó tún fún un lóúnjẹ.

Nígbà tó bá ti bọ́ awọ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, a ti lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ẹ wo abẹ́ ikùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ike: ìpele mẹ́fà ni ti abo, mẹ́jọ ni ti akọ. Bí wọ́n bá ti dàgbà, kíkà ò pọn dandan mọ́. Abo á sanra. Akọ á tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ á gùn kọjá ìdí. Akọ ló ń fò lóru, ojú ọ̀run náà sì ni àdán ti ń dọdẹ. Ní ọdún 1986, David Yager àti Ronald Hoy ti Yunifásítì Cornell kọ ọ́ pé etí kan ṣoṣo ni kòkòrò aládùúrà ní, lábẹ́ àyà, ní àárín gbùngbùn. Igbe àdán tí etí èèyàn ò lè gbọ́, ó ń gbọ́ ọ, á sì ṣẹ́ kọ́nà tàbí kó já bọ́ lójijì.

Akọ máa ń ṣáájú abo dàgbà. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bára dé, ẹ máa bọ́ abo yó, kí ẹ sì máa fi ìwọ̀nba bọ́ akọ. Lẹ́yìn bíbọ́ awọ tó kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí akọ lo bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí abo lo bíi mẹ́ta, kí ẹ tó mú wọn pàdé. Gbogbo ayé ló ti gbọ́ pé abo ń jẹ ọkọ rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ní gbogbo ìgbà, ebi ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ bọ́ abo fún ọjọ́ mélòó kan títí tí yóò fi máa kọ oúnjẹ. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ tún fún un ní àáyán tó sanra. Bó bá ti gbá a mú tó ń jẹ ẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí akọ rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ara kọ́tìnnì sàn ju inú ike lọ, kí akọ lè rí ibi fò gbà bí ọ̀rọ̀ bá yí. Akọ náà mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀: á dúró gbagidi, á sún ìgbésẹ̀ kan, á tún dúró, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó fò gùn ún. Wọ́n lè wà lórí ara wọn fún wákàtí púpọ̀. Ẹ má lọ sùn, torí ìgbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ewu tún dé. Ẹ fi igi gígùn gbà á sílẹ̀. Bó bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ pé abo bu orí rẹ̀ jẹ, iṣẹ́ lè máa lọ. Kenneth Roeder fi hàn ní ọdún 1935 pé láti inú orí ni ohun tó ń ká ìṣe náà lọ́wọ́ kò ti ń wá. Bí orí bá ti kúrò, ara tó kù á máa bá tirẹ̀ lọ.

Bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, abo á yé àpò àkọ́kọ́, ó sì lè yé mẹ́rin tàbí márùn-ún láti inú gígùn kan náà. Abo tí akọ ò gùn náà ń yé àpò, kì í kàn í pa ni. Àpò tó bá yé ní oṣù kọkànlá ló ní wàhálà: inú ọyẹ́ ló máa pa sí, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú. Ẹ fi òwú tútù sí ìsàlẹ̀ ike rẹ̀, kí ẹ sì máa fọ́n omi sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má fọ́n ọn sára àpò. Bí abo bá ti gbó, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní lè so rọ̀ mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ fún un, ẹ fi ẹ̀mú mú ìdin sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Á gbà á.

Àwọn ọmọ tó pọ̀ jù ńkọ́? Ẹnìkan á ní ká kó wọn lọ sóko kí wọ́n máa bá wa pa kòkòrò tó ń jẹ ohun ọ̀gbìn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta àpò ẹyin fún àwọn ológbà nítorí ìyẹn. Mi ò gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kòkòrò yìí kì í ṣa ọ̀tá mú; oyin tó wá fún òdòdó àti tata tó wá jẹ ewé, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀, bí wọ́n bá sì pọ̀ jù níbì kan, ara wọn ni wọ́n á kọ́kọ́ jẹ. Àmọ́ níwọ̀n bí wọ́n ti jẹ́ ọmọ igbó Ìlá, kò sí ewu nínú dídá wọn padà, pàápàá nígbà òjò tí ewé àti kòkòrò wẹ́wẹ́ pọ̀. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó bá fẹ́ mélòó kan fún kíláàsì rẹ̀, ẹ fún un, pẹ̀lú ìgò kantíkantí kan. Èyí tó kù, ẹ pín in káàkiri, kí igbó kan má gbà ju díẹ̀ lọ, kó sì jìnnà sí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n oògùn sí. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, lẹ́yìn tí adìẹ bá ti wọlé.